Bí fáírọ́ọ̀sì kòrónà ṣe ń ti inú sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn

SARS-CoV-2, fáírọ́ọ̀sì kòrónà tó ń fa COVID-19, kò lè dá bí sí i. Inú sẹ́ẹ̀lì alààyè nìkan ló ti ń rí ohun tó fi ń pọ̀. Ó kéré débi pé bí wọ́n bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rẹ̀ sí ìlà kan, gbogbo wọn kò ní ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ. Ẹ̀gún purotéènì ló yí ara rẹ̀ ká. Ẹ̀gún yìí ló fi ń di ACE2 mú, ìyẹn purotéènì kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ihò imú àti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ TMPRSS2 á gé ẹ̀gún náà, awọ fáírọ́ọ̀sì á lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, RNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀, á sì bọ́ sínú.

RNA náà gùn tó nǹkan bí 30,000 lẹ́tà. Sẹ́ẹ̀lì á máa kà á bí ẹni pé àṣẹ tirẹ̀ ni, á sì máa ṣe purotéènì fún ọ̀tá. Inú àwọn àpò kéékèèké aláwọ méjì ni fáírọ́ọ̀sì ti ń ṣe ẹ̀dà RNA yìí, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì má baà tètè fura. Bí àwọn ọmọ tuntun bá ti pé tán, wọ́n á jáde síta, wọ́n á wá sẹ́ẹ̀lì mìíràn lọ.

Ṣùgbọ́n jíjáde síta kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn ẹ̀gún kan máa ń yọ sí ojú sẹ́ẹ̀lì tó ti kó àrùn. Bí wọ́n bá kan ACE2 lára sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awọ àwọn méjèèjì á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á di ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n wó ògiri àárín yàrá méjì. Fáírọ́ọ̀sì kò tún nílò láti jáde. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí ní ìlú Trieste, ní Ítálì, yẹ òkú ènìyàn 41 tí COVID-19 pa wò. Wọ́n rí irú sẹ́ẹ̀lì ràgàjì bẹ́ẹ̀, tó ní ju kókó kan lọ nínú, nínú ẹ̀dọ̀fóró èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì yìí tí wọ́n ń pè ní Delta mọ iṣẹ́ yìí ṣe gan-an, nítorí pé ẹ̀gún tirẹ̀ rọrùn láti gé. Ti Omicron, ẹ̀yà mìíràn, kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tó yani lẹ́nu. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ ní Institut Pasteur ní Paris fi hàn nínú yàrá ìwádìí pé fáírọ́ọ̀sì lè gba inú okùn tín-ín-rín tó so sẹ́ẹ̀lì méjì pọ̀ dé inú sẹ́ẹ̀lì iṣan ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún kò ní ACE2 tó fi lè wọlé tààrà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìtọ́jú gbọ̀ngbọ̀n. Inú omi ara ni àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní antibody ti ń dọdẹ fáírọ́ọ̀sì. Èyí tó bá jáde síta ni ọwọ́ wọn ń tètè tẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn irú ẹ̀ṣọ́ ara kan, ló ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ti kó àrùn mọ̀, tó sì ń pa á pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Nígbà tí Omicron bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ọ̀pọ̀ antibody sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2021, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára sẹ́ẹ̀lì T kò yẹ̀, ìyẹn sì wà lára ìdí tí àìsàn náà kò fi le púpọ̀ lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́.