Lílo ara àti eré ìdárayá: ọ̀rọ̀ méjì nínú ìṣirò kálórì ojúmọ́

Nínú ìwádìí mi lórí èdè ìlera ní agbègbè Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, ìbéèrè kan wà tó dà bíi pé kò le: «Ṣé ẹ máa ń ṣe eré ìdárayá?» Ìdáhùn rẹ̀ máa ń wọ inú ìṣirò iye kálórì tó yẹ kí ènìyàn jẹ lójúmọ́. Mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín pé ọ̀rọ̀ tí a bá fi béèrè lè yí ìṣirò náà padà.

1. Ìṣirò náà

Kálórì tí mo ń sọ ni kcal tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ. Ara ń ná okun kódà nígbà tí a bá sùn. Ẹ jẹ́ kí á pe èyí ní okun ìsinmi. Ní 1990, Mifflin, St Jeor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ọ̀nà kan jáde láti fi ṣírò rẹ̀. Fún obìnrin: ìwọ̀n ara ní kílò lọ́nà 10, àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 6,25, a ro méjèèjì pọ̀, a yọ ọjọ́ orí lọ́nà 5, a sì tún yọ 161. Obìnrin ẹni ọdún 30, tó wọn kílò 60, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, yóò ní 1289.

Lẹ́yìn náà, a ó sọ okun ìsinmi di púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń lo ara. Nínú ìròyìn ìpàdé àwọn onímọ̀ FAO, WHO àti UNU ti 2001, ìlọ́po náà jẹ́ 1,40 sí 1,69 fún ẹni tó ń jókòó púpọ̀, 1,70 sí 1,99 fún ẹni tó ń lo ara dáadáa, àti 2,00 sí 2,40 fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba agbára gan-an. Fún obìnrin wa, 1,40 fún un ní 1805. 1,70 fún un ní 2191.

2. Kíkà lẹ́ẹ̀mejì

Ká ní ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tó sì ń fi wákàtí kan rìn kíákíá lójoojúmọ́. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń ná bí ìlọ́po 4 okun ìsinmi, tí òun fúnra rẹ̀ tó kálórì 1 fún kílò kan ní wákàtí kan: àpapọ̀ 240. Ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ jókòó, ìbá ti ná bí 60. Àlékún tòótọ́ jẹ́ 180, iye ọjọ́ náà sì di 1985. Bí ó bá yan 1,70 nítorí ìrìn rẹ̀, tó tún wá fi 240 kún un, yóò di 2431. Ó ti ka ìrìn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi 446 kọjá. Bó bá fẹ́ dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, àṣejù yìí lè gbé gbogbo oúnjẹ tó rò pé òun ti yọ mì.

3. Ibi tí èdè ti wọ̀ ọ́

Ní 1985, Caspersen, Powell àti Christenson ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, tí èdè Faransé ń pè ní activité physique àti exercice. Èkíní ni gbogbo ìṣípòpadà iṣan ara tó ń ná okun. Èkejì jẹ́ apá kan nínú rẹ̀, èyí tí a dìídì ṣètò, tí a sì ń ṣe léraléra kí ara lè le.

Ní Yorùbá, eré àti iṣẹ́ dojú kọ ara wọn. Obìnrin tó ń pọn omi, tó ń rin gbágùúdá, tó sì ń gúnyán lè dáhùn pé: «Rárá o, iṣẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò ráyè eré.» Olùbéèrè á wá fún un ní 1,40. Bó bá ga, tó sì wọn bí ti òkè yìí, ó kéré tán, a ti fi kálórì 386 dù ú lójúmọ́. Bí a bá sì béèrè pé «Ṣé ẹ máa ń ṣiṣẹ́?», akọ̀wé tó jókòó láti àárọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé iṣẹ́ ni lóòótọ́.

4. Àbá

Mo dábàá lílo ara fún activité physique, kí eré ìdárayá wà fún exercice nìkan. Kí ìbéèrè sì di méjì. Àkọ́kọ́: «Kí lẹ máa ń fi ara yín ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́?» Èyí ni yóò yan ìlọ́po. Ìkejì: «Yàtọ̀ sí ìyẹn, ṣé ẹ máa ń ya àkókò sọ́tọ̀ láti rìn tàbí láti sáré? Fún ìṣẹ́jú mélòó?» Èyí ni a ó rò mọ́ ọn, bí ìlọ́po náà kò bá tíì kà á. Ìfojúdíwọ̀n ni gbogbo ìṣirò yìí. Òṣùwọ̀n ara láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò fi hàn bóyá ó bá ẹni náà mu. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè kò bá yé ẹni tí a ń bi, kò sí ìṣirò tó lè tún un ṣe.