Ọjà Aswani àti Àpótí Aṣọ Ilé Wa

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá gba ojú títì Òṣòdì sí Àpápá kọjá ní ìhà Ìsọlọ̀ yóò rí i bí èrò ti ń rọ́ lọ sí ọjà Aswani bí eéṣú tí ó rí oko àgbàdo. Ìyá tí ó pọn ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga, oníṣòwò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, akọ̀wé tí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, gbogbo wọn ni ó ń lọ tẹ orí ba sórí òkìtì aṣọ tí àwọn ẹlòmíràn ti wọ̀ rí ní ìlú òyìnbó. Òkìríkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀, nípa orúkọ ìlú Okrika tí ń bẹ létí omi ní ìpínlẹ̀ Rivers. Àwọn ọ̀dọ́ a sì máa pè é ní bend-down-select, nítorí pé ẹni tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣà á.

Ohun kan wà nínú orúkọ ọjà yìí tí ó yẹ kí ó mú aláròjinlẹ̀ dúró díẹ̀. Aswani kì í ṣe orúkọ ọba tàbí ìjòyè kan ní Ìsọlọ̀, bẹ́ẹ̀ni kì í ṣe orúkọ òrìṣà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó sọ agbègbè náà di ibi tí ẹ̀rọ kì í ti í sùn ní ọ̀sán àti ní òru. Ní ayé ìgbà náà, aṣọ tuntun ni ó ń ti ibẹ̀ jáde. Láti ìgbà tí a ti dá ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ti Kàdúná sílẹ̀ ní ọdún 1957 títí di nǹkan bí ọdún 1985, iṣẹ́ aṣọ híhun ń gbòòrò ní ilẹ̀ wa dé ibi pé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó ń jẹun nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni iná mànàmáná di àwátì, epo tí a fi ń dáná sí ẹ̀rọ di ọ̀wọ́n gógó, òwú inú oko kò tó mọ́, tí àwọn onífàyàwọ́ sì ń kó aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ Éṣíà wọlé, tí wọ́n tilẹ̀ ń tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ wa sí etí rẹ̀ láti fi tan ènìyàn jẹ. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ ńlá United Nigerian Textiles ní Kàdúná ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì lọ sílé ní ọwọ́ òfo. Wàyí o, lábẹ́ orúkọ ilé tí ó ń hun aṣọ tuntun ni a ti ń ta ògbólógbòó aṣọ àwọn ará òkèèrè fún ara wa.

Òfin orílẹ̀-èdè yìí ka kíkó ògbólógbòó aṣọ wọlé sí èèwọ̀, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù a sì máa gba bélì rẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà púpọ̀. Síbẹ̀ ó ń gba Kútọnu wọlé bí omi tí ń gba abẹ́ ẹní. A kò sọ èyí láti fi dá ìyá tí ó pàtẹ ogún ṣẹ́ẹ̀tì sórí ọ̀rá lẹ́bi. Òun kọ́ ni ó ni ọkọ̀ ojú omi. A sọ ọ́ kí olúkúlùkù lè mọ ohun tí òun ń rà, kí ó má sì ṣe rò pé owó pọ́ọ́kú náà kò ní ẹni tí ó san ìyókù rẹ̀.

Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ òkìríkà láàrin àwọn àgbà, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó wí pé aṣọ òkú ni. Àwọn ará Ghana tilẹ̀ fi èyí ṣe orúkọ fún un: wọ́n ń pè é ní obroni wawu, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ pé òyìnbó ti kú. Nígbà tí aṣọ wọ̀nyí kọ́kọ́ dé, àwọn ènìyàn kò lè gbàgbọ́ pé ẹni tí ó wà láàyè lè kó aṣọ tí kò ya dànù. Ọjà Kantamanto ní Accra ni ojúbọ òwò náà, iná sì jó apá tí ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January ọdún 2025. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bélì nìkan ni ó sọ Kantamanto di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ ni, àwọn aránṣọ, aláró àti alágbàfọ̀, tí ń tú kóòtù ẹni mẹ́ta láti fi rán ẹyọ kan, tí ń pa aṣọ tí ó ti ṣá láró, tí ń sọ sòkòtò jíìnsì di àpò. Aṣọ ará òkèèrè wọ ọwọ́ wọn, ó jáde ní aṣọ ará Accra. Níbí ni ọ̀rọ̀ wa wà. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí Aswani. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá wọ ohun tí ó rà níbẹ̀ bí ó ti rí, tí ìgùn rẹ̀ kò bá a mu, tí èjìká rẹ̀ ré wálẹ̀, aṣọ ẹlòmíràn ni ó wọ̀. Ẹni tí ó bá fi abẹ́rẹ́ kàn án ni ó ní in.

Èyí kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun nílé, bí ó bá ti ṣá, ìkòkò aró ni ó ń lọ, kì í ṣe ààtàn. Bí aláró bá sì dá a padà, ẹni tí kò mọ̀ yóò ṣe bí ẹni pé tuntun ni. Ọgbọ́n ìkòkò aró yìí náà ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta mú lò nígbà tí aṣọ funfun ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ ní ọjà, tí àdìrẹ fi di òwò ńlá tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ìlú mìíràn. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún pẹ̀lú: aṣọ lórí aṣọ ni, ti bàbá, ti bàbá bàbá, ìdílé a sì máa fi tuntun kún un bí ọdún ti ń yí. Nítorí náà ni àwọn baba wa ṣe wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹni tí ó pa òwe yẹn kò fi àkísà ṣe ẹ̀sín. Ọrọ̀ ni ó kà á sí.

Lóòtọ́ ni pé aṣọ ni à ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n iye owó kọ́ ni à ń kí. Nígbà tí Mojola Agbebi, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, pa orúkọ David Brown Vincent tì ní ọdún 1894, tí ó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó tí ń fi kóòtù dúdú làágùn nínú oòrùn, aṣọ rẹ̀ kò wọ́n ju tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tí ó ti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì mọ bí a ti í wọ káùn dáradára, ṣe gbé ìró àti bùbá wọ̀ nígbà tí ó ń ṣe olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní ọdún 1946 síwájú, kí àwọn ìyá ọlọ́jà má baà máa wò ó ní àlejò. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí aṣọ wọn wí. Ẹni tí ó mọ èyí lè rí aṣọ tí ó yẹ ẹ́ lórí òkìtì Aswani. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò wọ ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá lọ, yóò sì jáde bí ẹni tí ó yá aṣọ wọ̀.

Kí a tó dé ọjà rárá, ẹ jẹ́ kí a ṣí àpótí ilé. Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fi owó ra ẹ̀wù tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín, tí sányán, àlàárì àti ẹtù sì ń bẹ lábẹ́ ibùsùn ìyá wa tí kòkòrò ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ. Ohun kan wà nípa aṣọ òkè tí àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún lórí òfì, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni a ó tò ó mọ́ ara wọn. Nítorí èyí, kò sí ìdí tí a ó fi gé e ní àgékù-gèé. Ẹ wá aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, kí ó tú òwú tí ó so wọ́n pọ̀. Èyí tí ó ti gbó, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Èyí tí ó ṣì le, ẹ tò ó padà. Agbádá kan tí ọ̀rùn àti èjìká rẹ̀ ti ya ṣì lè di gèlè, fìlà àti bùbá ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àlùmọ́gàjí kan ẹtù bàbá tí ó ti dolóògbé láì pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ogún ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ìjà tí ó ń tìdí rẹ̀ wá kì í sì tán bọ̀rọ̀.

Ankara aṣọ ẹbí ni ó tún kún inú àpótí wa. A yá owó rà á, a wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìnáwó ọ̀rẹ́, a ká a. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, aṣọ tí a kò wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ti tó ogún, owó rẹ̀ ìbá sì ti san owó ilé-ìwé ọmọ. A kò lè rí owó náà gbà padà, ṣùgbọ́n a lè rí aṣọ náà lò. Ẹ mú méjì tí àwọ̀ wọn bá ara wọn mu, kí a fi ọ̀kan ṣe ara ẹ̀wù, kí a fi èkejì ṣe apá àti ìṣẹ́tí rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ìsìnkú ìyá lágbájá ni ọ̀kan, tí èkejì sì jẹ́ ti ìgbéyàwó ọmọ tàmẹ̀dò.

Bí a bá wá dé Aswani, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn ré yín lọ. Ìyá oníṣòwò yóò wí pé, "Àǹtí mi, òní yìí ni a ṣí bélì rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín." Kí ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ ṣeun, mà, ẹ jẹ́ kí n gbé e sí oòrùn wò." Abíyá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ọrùn, lẹ́yìn náà ìdí sòkòtò. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa ojú ìrán rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Bọ́tìnì tí ó já kì í ṣe àbùkù. Àbàwọ́n epo ní àyà, àbùkù ni. Ẹ yan èyí tí ó tóbi jù yín lọ ju èyí tí ó fún lọ, nítorí a lè gé aṣọ kù, ṣùgbọ́n a kò lè gé e kún.

Láti mọ̀ bóyá òwú gidi ni, kí ẹ fa fọ́nrán kan yọ nínú ìṣẹ́tí nígbà tí ẹ bá dé ilé, kí ẹ sì fi iná ìṣáná kàn án. Bí ó bá jó bí ìwé, tí eérú rẹ̀ fúyẹ́, òwú ni, yóò gba aró. Bí ó bá yọ́, tí ó di kókó dúdú líle, pólísítà ni. Ẹ má ṣe fi aró ṣòfò lórí rẹ̀. Mo wí pé nígbà tí ẹ bá dé ilé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáná ní àárín ọjà aṣọ.

Omi gbígbóná, ọṣẹ àti iyọ̀ ni kí aṣọ náà sùn nínú rẹ̀ mọ́jú kí ó tó kan ara. Lẹ́yìn oòrùn àti áyọ́ọ̀nù ni iṣẹ́ tó kù. Ṣẹ́ẹ̀tì tí kọ́là rẹ̀ ti họ ni mo fẹ́ràn jùlọ, nítorí pé àwọn ènìyàn kì í rà á, owó rẹ̀ a sì máa fọ́. Àwọn akọ̀wé àtijọ́ mọ àṣírí rẹ̀: ẹ tú kọ́là náà kúrò ní ọrùn, ẹ yí i padà kí inú di òde, ẹ rán an padà sí ipò rẹ̀. Tuntun dé. Àwọn ará London pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ìjọba wọn ń fi tíkẹ́ẹ̀tì pín aṣọ láti oṣù June ọdún 1941, tí wọ́n sì tẹ ìwé kékeré kan jáde ní ọdún 1943 tí ó kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí a ti ń tún aṣọ ṣe. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní tálákà nítorí rẹ̀.

Bí ẹ bá ní láti bu aṣọ lẹ̀, ẹ rántí ohun tí Ìhìnrere wí nípa ẹni tí ó fi aṣọ titun lẹ ògbólógbòó. Àwọn oníwàásù ti fi ṣe ìwàásù púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aránṣọ ni pẹ̀lú: titun yóò súnkì bí a bá fọ̀ ọ́, yóò sì fa ihò náà gbòòrò. Ẹ fọ àbùlẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ nílé, kí ó fetí sílẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Àwọn aránṣọ tí a ń pè ní òbíọmà ṣì ń gbé ẹ̀rọ lé èjìká kiri àdúgbò wa, tí wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí lu ara ẹ̀rọ kí a lè mọ̀ pé wọ́n ń kọjá. Ní ojú yín ni wọn yóò ti dín sòkòtò kù, tí wọn yóò sì yí síìpù padà. Ó dùn mí láti rí ẹni tí ó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà san owó aṣọ ẹbí láì mí, tí ó wá ń bá òbíọmà já owó rírán kékeré. Ẹ san owó wọn pé. Iṣẹ́ àtúnṣe ṣòro ju iṣẹ́ titun lọ, nítorí ẹni tí ń tún ṣe ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ń rò.

Ẹ tètè lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí àwọn tí ń rà láti tún tà tó ṣà á tán. Kí ẹ sì mú àpò tiyín dání. Èyí tí kò bá ṣeé wọ̀ mọ́ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ tú bọ́tìnì rẹ̀ sínú ìgò, ẹ yọ síìpù rẹ̀, kí ẹ sì gé ẹ̀yìn rẹ̀, tí kì í tètè gbó, pamọ́ fún àbùlẹ̀ ti ọdún tí ń bọ̀.