Ìrókò Kì Í Dàgbà Tán: Bí Igi Ṣe Ń Dàgbà Àti Bí Ènìyàn Ṣe Ń Dúró

 

Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ òwe yìí: "Àti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́." Ọ̀rọ̀ títọ́ ọmọ ni a máa ń fi pa á. Ṣùgbọ́n ẹ wo "dàgbà tán" yẹn dáadáa. Ǹjẹ́ ìrókò a máa dàgbà tán bí? Rárá o. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà láàyè, ó ń dàgbà. Ènìyàn ni ó ń dàgbà tán, àti ewúrẹ́, àti màlúù, àti adìyẹ.

Nínú egungun gígùn ọmọdé, nítòsí oríkèé, apá kan wà tí kò tíì le. Ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn. Bí ọmọ bá bàlágà, apá yìí yóò le díẹ̀díẹ̀, gíga yóò sì dúró. Àwọn obìnrin sábà máa ń ṣáájú ọkùnrin dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, ènìyàn lè sanra, kò lè ga mọ́.

Ti igi yàtọ̀. Bí ẹ bá kan ìṣó mọ́ ara igi emi lónìí ní ibi tí ó ga tó èjìká yín, níbo ni ìṣó náà yóò wà lẹ́yìn ogún ọdún? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ó máa ń dáhùn pé yóò ti ga kọjá ibi tí ọwọ́ lè tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó wà náà ni yóò wà, àfi bí igi bá nípọn títí tí ó fi gbé e mì. Ṣóńṣó orí ẹ̀ka àti ṣóńṣó gbòǹgbò nìkan ni igi fi ń gùn. Abẹ́ èèpo ni ó ti ń nípọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá èèpo igi fún àgbo, ẹ má ṣe bó o yí igi po. Inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń pèsè ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Bí a bá bó o yí po, igi yóò kú. Igi emi sì lè lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó so èso àkọ́kọ́! Àwọn tí ń gé e sun èédú kì í rántí èyí.

Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ kò ní ẹ̀ka, ojú kan ṣoṣo ni ó fi ń ga, ìyẹn ọ̀mùnú orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé ọ̀mùnú ti pa ọ̀pẹ.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó tẹ̀lé ìlà yìí o. Àgbàdo a máa yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, a sì dúró. Ewé pàápàá ní ìwọ̀n. Ẹja àrọ̀ àti òjòlá a sì máa tóbi sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti ń bímọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń falẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín nìyí. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán, ẹ̀gẹ́ yóò tún rúwé. Ọmọ tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ láti inú oyún títí di ọmọ ọdún méjì kì í sábà rí gíga tí ó pàdánù gbà padà tán, ó sì lè kan ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ọmú ìyá: ìgbà yẹn ni iṣẹ́ wọn pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ọmọ ọwọ́, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú káàdì. Wọ́n ń wò bóyá ó ń dàgbà bí ó ti yẹ ní àkókò tí a ṣì lè ràn án lọ́wọ́.