Mímúra Àwọn Ọmọdé Sílẹ̀ fún Fọ́tò Kíláàsì

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wa ń wí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ojú bá ti wọ inú fọ́tò tán, kò tún lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà mọ́. Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò ní kó ogójì ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ síwájú ayàwòrán ní ọjọ́ kan. A ń kọ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ní ti èyí, àṣìṣe ara mi ni ó kọ́ mi, nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ síhìn-ín.

Nígbà tí mo wà ní ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé kan, a pe ayàwòrán wá láti ya kíláàsì mi. N kò sọ ohunkóhun fún àwọn ọmọ ṣáájú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà mo mú pàṣán lọ́wọ́, mo ní ẹni tí ó bá mira yóò jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin kékeré kan wà tí ẹ̀wù rẹ̀ ya ní èjìká. Mo ní kí ó lọ jókòó sínú kíláàsì kí ó má baà ba fọ́tò wa jẹ́. Nígbà tí fọ́tò dé, gbogbo ojú inú rẹ̀ dàbí ojú ẹni tí a fà dé iwájú adájọ́. Ní ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ yẹn wá pẹ̀lú owó tí ó so mọ́ etí aṣọ, ó fẹ́ ra ẹyọ kan. Ó fi ìka tọ ojú kọ̀ọ̀kan láti ìlà dé ìlà, lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, ọmọ tèmi dà?” “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, Ìyá,” ni gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo rí sọ. Ó tún owó rẹ̀ so, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí bí ó ti yẹ kí a ṣe é.

Èkíní ni pé kí olùkọ́ mọ ìdí tí a fi ń sọ fún ọmọ pé kí ó dúró jẹ́ẹ́. Ní ọdún 1839, nígbà tí a kéde iṣẹ́ Daguerre ní ilẹ̀ Faransé, ó gba ìṣẹ́jú púpọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó lè tẹ àwòrán sára àwo irin rẹ̀. Ẹni tí a ń yà ní láti gan bí igi, a sì máa ń fi irin gbé orí rẹ̀ dúró láti ẹ̀yìn. Àwọn ìyá mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi aṣọ bo ara wọn bí àga, kí wọn lè di ọmọ ọwọ́ mú títí a ó fi yà á tán. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ìsinsìnyí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan, àní kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ díẹ̀ ni a ń fẹ́ lára ọmọ, pàṣán kò sì lè fún un ní ìyẹn.

Èkejì, kí a mú ẹ̀rù kúrò nípa ẹ̀kọ́. Ẹ mú páálí bàtà kan. Ẹ lu ihò tí kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ sí ìdí rẹ̀ kan. Ẹ gé ìdí kejì kúrò, kí ẹ sì fi bébà funfun tí a fi òróró pa bò ó. Kí ọmọ fi aṣọ dúdú bo orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìhà tí bébà wà, kí ó kọ ihò náà sí ìta gbangba níbi tí oòrùn ti ń ràn. Yóò rí igi àti ilé lórí bébà náà, wọn yóò sì dorí kodò! Ẹ̀rín yóò sọ, ìbéèrè yóò sì tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ó ti wo inú àpótí kì í bẹ̀rù àpótí mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a ránṣẹ́ sí àwọn òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí a sọ ọjọ́ náà àti iye owó ẹyọ kan. Kí a sì wí gbangba pé ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní rà pàápàá yóò wà nínú rẹ̀. Òbí tí kò bá fẹ́ kí a ya ọmọ òun, kí a gbà fún un láìbínú. Kí abẹ́rẹ́ àti òwú má sì wọ́n nínú tábìlì olùkọ́. Èjìká ẹ̀wù tí ó ya kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí kò bá sì sí àyè, kí ọmọ náà dúró sẹ́yìn èjìká ẹlòmíràn. Ohun tí ìbá gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa sọ ihò ojú di dúdú, a sì mú kí ọmọ máa fún ojú pọ̀. Òwúrọ̀ dára jù, tàbí abẹ́ òjìji ilé, kí àwọn ọmọ kọjú sí ìta gbangba. Bí ẹ̀wù bá funfun, tí ayàwòrán sì fi ti ẹ̀wù ṣe ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ẹ̀wù yóò hàn kedere, ojú àwọn ọmọ yóò sì ṣú. Kí a fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ojú ni a fẹ́ rí.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí a to bẹ́ǹṣì, kí a sì fi ìdúró dánra wò: àwọn tí ó ga sẹ́yìn, àwọn kúkúrú síwájú. Ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọn ti jẹun, kí wọn ti tọ̀, kí a sì nu imú tí ó yẹ ní nínù. Kí ayàwòrán kọ́kọ́ kí wọn, kí wọn sì dá a lóhùn. Àwọn tí ó kéré jù ni kí a tò kẹ́yìn, kí wọn má baà sú. Nítorí àwọn tí ń ṣẹ́jú, kí gbogbo wọn pa ojú dé. Kí olùkọ́ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ní ẹ̀ta kí wọn là á. Kí a sì yà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

A kò gbọdọ̀ fi ipá mú ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìjókòó àwọn baba wa nínú fọ́tò ni kí a kọjú síwájú, ọwọ́ lórí eékún, ojú tútù. Iyì ń bẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rín bá sì wá fúnra rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó wá.

Ẹni tí ó bá rò pé eré ni gbogbo èyí, kí ó gbọ́ ohun tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1978 nípa fọ́tò yíyà láàárín àwa Yorùbá. Ó ròyìn pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó yà wọ́n pọ̀, ayàwòrán a máa ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ìdílé lè rí ọmọ méjèèjì. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ a máa dípò ère ìbejì nígbà náà. Bí òbí bá ń wá ojú ọmọ tó bẹ́ẹ̀, ta ni èmi tí mo yọ ojú alààyè kúrò nítorí ẹ̀wù tí ó ya?

Nígbà tí fọ́tò bá dé, kí a kọ ọjọ́ àti orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn rẹ̀, ìlà dé ìlà, nítorí olùkọ́ a máa ṣípò, ọmọ a sì máa dàgbà. Ṣùgbọ́n kí ayàwòrán tó tẹ kámẹ́rà rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka orí àwọn ọmọ yín. Bí iye wọn kò bá pé, ẹ lọ wo inú kíláàsì.