Àwọ̀ Tí Ó Yẹ Fèrèsé àti Etí Òrùlé Ilé Funfun Àtijọ́ ní Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá dúró níwájú Gbọ̀ngàn Màpó, tí a ṣí ní ọdún 1929, tí ó sì kọjú sí ìhà Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, òrùlé páànù ni yóò kọ́kọ́ rí. Wọ́n lọ súà, wọ́n fara kan ara wọn, wọ́n sì ti dógùn-ún títí wọ́n fi pupa rúsúrúsú bí ilẹ̀ tí ilé wọn dúró lé. Ṣùgbọ́n bí olúwarẹ̀ bá fara balẹ̀ wò, yóò rí ògiri funfun tí ó ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láàrin wọn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni wọ́n, tí àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣòwò kòkó kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Funfun ni ara wọn. Ṣùgbọ́n fèrèsé, ilẹ̀kùn, pákó etí òrùlé àti òdòdó sìmẹ́ńtì tí ó yí ojú fèrèsé ká, àwọ̀ mìíràn ni a fi kùn wọ́n. Àwọ̀ kejì yìí ni ó ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú agbo ilé nígbà tí ó bá tó àkókò láti tún ilé kùn. Gbogbo ẹbí ni ó máa ń gbà pé kí ògiri funfun; ẹnu wọn kì í sábà kò lórí ti fèrèsé.

Kí funfun tó dé, ilé Ìbàdàn kò ní àwọ̀ méjì. Ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sọ ibẹ̀ di ibùdó, ilẹ̀ pupa tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n pò, òun náà ni wọ́n fi mọ ògiri ní ìpele-ìpele, wọ́n sì fi ewé tàbí koríko bo orí rẹ̀. Èyí kò fi hàn pé Yorùbá kò mọ àwọ̀ lò. Ẹfun wà, osùn wà, èédú wà, èlú sì wà. Ṣùgbọ́n ojúbọ òrìṣà, ère, àti òpó gbígbẹ́ inú ààfin ni wọ́n sábà máa ń fi wọ́n kùn. Ní Ilé-Ifẹ̀, obìnrin ni wọ́n máa ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, wọn a sì tún un kùn bí ọdún òrìṣà náà bá dé.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun kan nípa èdè níhìn-ín, nítorí pé ó ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ akunlé lọ́wọ́. Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá: funfun, pupa àti dúdú. Aṣọ tí ó mu aró dáadáa, dúdú ni. Ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, dúdú minimini ni. Nítorí náà, bí àgbà kan ní Bẹyẹrunkà bá wí pé ohun dúdú ni wọ́n fi kun ilẹ̀kùn bàbá òun láyé ọjọ́un, kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ àwọ̀ èédú ni ó ń sọ. Ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé tí ó jinlẹ̀, ó sì lè jẹ́ àwọ̀ aró. Akunlé tí ó bá sáré lọ ra agolo ọ̀dà dúdú kò gbọ́ àgbà náà yé. Ohun tí ó dára ni kí ó fi ọ̀bẹ ha igun ilẹ̀kùn náà díẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé; ọ̀dà tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá yóò jẹ́rìí fún un.

Ọ̀nà méjì ni funfun gbà wọ Ìbàdàn. Èkíní ni ti àwọn oníwàásù. Ní ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì, ilé alájà tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ni àwọn ará ìlú sì kà sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀nà kejì, tí ó gbòòrò ju èyí lọ, láti Èkó ni ó ti wá. Àwọn Àgùdà, èyíinì ni àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bọ̀ láti ibẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí a ṣí ní ọdún 1894, jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, páànù, sìmẹ́ńtì àti agolo ọ̀dà bá a wọlé. Owó kòkó ni ó sì ń pe àwọn bíríkìlà náà. Ilé Adébísí ní Ìdíkàn àti ti Sàlámì Àgbàjé ní Ayéyẹ wà lára àwọn ilé olówó tí ìlú fi ń ṣe ìwòran.

Àwọn Àgùdà kì í kun ilé bí òyìnbó ìjọba ti ń kun ún. Òyìnbó a fi funfun kun ara ilé, a sì fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo igi rẹ̀. Àgùdà a yọ òpó, òdòdó àti ọrùn fèrèsé síta kúrò lára ògiri, a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí Mọ́ṣáláṣí Ńlá ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, kò ní gbàgbé rẹ̀: láàrin ọdún 1912 sí 1925 ni a kọ́ ọ ní àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ bí ti ọjà aláṣọ. Ìbàdàn kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì délẹ̀. Ó gba òdòdó lọ́wọ́ Àgùdà, ó sì gba funfun lọ́wọ́ òyìnbó. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí yóò tún ilé bẹ́ẹ̀ kùn ní láti ronú.

Ara ògiri ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ó tó dárúkọ àwọ̀ kankan. Amọ̀ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wọ̀nyí. Sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ẹ kò ju èèpo lọ. Ẹfun tí àwọn ará ìṣáájú fi kùn ún, òkúta ẹfun ni, irú èyí tí ó wà nílẹ̀ Ewékorò. A ó sun ún nínú iná líle. Bí a bá da omi sí i lẹ́yìn náà, yóò hó, yóò gbóná, yóò sì di ẹ̀kọ funfun. Bí a bá fi kun ògiri, irú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí síta yóò wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì sọ ọ́ di òkúta padà. Òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ní ihò tí ojú kò lè rí. Omi tí ó bá gun ògiri amọ̀ láti inú ilẹ̀ yóò gba inú ihò náà jáde, ògiri yóò sì gbẹ. Ọ̀dà olóròóró àti ọ̀dà ìgbàlódé tí ó ń dì bí awọ kò fún omi náà ní ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀. Omi á há sínú, ọ̀dà á wú bí ara tí iná jó, sìmẹ́ńtì á sì bọ́ lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ilé tí òjò kò wó, ọ̀dà lè bẹ̀rẹ̀ ìwó rẹ̀. Nítorí náà, kí a fi ẹfun kun ògiri, kí a sì fi ọ̀dà olóròóró mọ sára igi àti irin. Bí a bá fi búlúù tí àwọn alágbàfọ̀ ń lò díẹ̀ sínú ẹfun, funfun náà kò ní pọ́n lójú.

Àkókò tí wọ́n sábà ń kun ilé gan-an ni àkókò tí kò dára jù lọ. Bí àgbà ilé bá kú, tí ọjọ́ ayẹyẹ ìsìnkú sì ti ń sún mọ́, àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó àti ní òkè òkun á fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n kun ilé kí àlejò tó dé. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ìbáà jẹ́ nínú oṣù Kẹfà tí òjò kò dá, wọn yóò fi ọ̀dà bo ògiri tútù. Ojú ilé nìkan ni wọ́n sì máa ń kùn. Ẹ̀yìn á wà bí ó ti wà. Kí òjò ọdún kejì tó parí, gbogbo rẹ̀ á ti máa bó. Ó sàn kí ẹbí dúró di ìparí oṣù Kẹwàá tàbí oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń lọ tí eruku ọyẹ́ kò tíì dé, kí wọ́n sì máa fi ẹfun kun ògiri ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé oòrùn ọ̀sán a gbẹ ẹ́ kí ó tó dì.

Nípa ti àwọ̀ fúnra rẹ̀, ohun méjì ni ẹbí kò lè yí padà: òrùlé tí ó ti dógùn-ún, àti ilẹ̀ pupa. Ohunkóhun tí wọ́n bá yàn gbọ́dọ̀ bá méjèèjì gbé. Àwọ̀ ewé tí ó jinlẹ̀ ni ó dára jù lọ fún ewé fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Pupa òrùlé a máa mú kí àwọ̀ ewé tàn sí i; funfun tí ó wà láàrin wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jà. Àwọn Mùsùlùmí fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ní àárín ìlú, nítorí náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni pupa rúsúrúsú. Ìdógùn-ún irin ni ó wà nínú ọ̀dà yìí, òun kan náà tí ó mú ilẹ̀ Ìbàdàn pupa. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣá lójú oòrùn. Pákó etí òrùlé gan-an ni ó yẹ fún jù lọ. Ọ̀pọ̀ ń fi funfun kun pákó yìí nítorí ẹwà, ṣùgbọ́n omi tí ó ń ṣàn láti orí páànù á ti fa ilà pupa sí i lára kí ọdún tó yí po.

Àwọ̀ aró lẹ́wà, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò lò ó wo ibi tí ilé kọjú sí. Ìbàdàn kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé; lọ́sàn-án, orí òrùlé ni oòrùn ń wà, nítorí náà ìhà ìlà oòrùn àti ìhà ìwọ̀ oòrùn ni ó máa ń jó jù. Fèrèsé aláwọ̀ aró tí a bá fi ọ̀dà tí kò dára kùn ní ìhà wọ̀nyí á di ràkọ̀ràkọ̀ láìpẹ́. Dúdú bí èédú a máa gba ooru mọ́ra, pákó á sì fà. Kí a fi í mọ sí irin ojú fèrèsé. Ìdí ògiri ni ó kù, níbi tí òjò ti máa ń ta ẹrẹ̀ sókè tó ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹfun tí a fi ilẹ̀ pupa pò yóò bo àṣírí rẹ̀, kò sì ní dí ògiri ní èémí.

Ti òdòdó sìmẹ́ńtì ni ó ṣòro. Bí a bá fún òdòdó, òpó àti ọrùn fèrèsé ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ti Àjàṣẹ́, ilé kékeré inú ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró kò ní lè gbé e. Kí wọ́n wà ní funfun bí ògiri; òjìji oòrùn òwúrọ̀ á ya wọ́n sọ́tọ̀ láìlo ọ̀dà.

Ewu kan wà tí ó ju ti ẹwà lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà olóròóró ayé àtijọ́ ni òjé wà nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà fi òfin lé irú rẹ̀ kúrò nínú ilé gbígbé ní ọdún 1978. Ohun tí òjé ń ṣe fún ọmọdé kò fara sin mọ́ ní Nàìjíríà láti ọdún 2010, nígbà tí eruku òkúta wúrà olójèé pa ọmọ tí kò dín ní 400 ní Zamfara. Nítorí náà, ẹni tí yóò ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára fèrèsé kò gbọdọ̀ ha á ní gbígbẹ, kò sì gbọdọ̀ fi iná jó o. Kí ó fi omi rin ín, kí ó bo imú rẹ̀, kí ó tẹ́ aṣọ tí yóò gba èèpo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì lé àwọn ọmọdé àti adìyẹ jìnnà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ta ni yóò sọ pé kí wọ́n kùn ún? Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ lè rò pé òun ni yóò yan àwọ̀. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n ń gba omi òjò sínú báàfù lóru, lè rí i bí ìwọ̀sí. A ti mọ̀ pé bí ìjà ẹbí bá le, ògiri funfun náà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé ilé náà kì í ṣe títà, ọ̀dà pupa sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa yọ gba abẹ́ ẹfun jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Mógàjí kí a tó ra agolo kan. Kí a sì pe àwọn obìnrin ilé sí i, nítorí pé àwọn ni ojú wọn ń wo fèrèsé náà láti àárọ̀ di alẹ́.

Ọ̀nà tí ó rọrùn láti parí àríyànjiyàn ni pákó. Kí akunlé fi àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kun pákó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó gbé wọn ti ògiri funfun náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹbí wò wọ́n ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní ìrọ̀lẹ́ tí òrùlé Ọjà'ba bá ń pọ́n. Àwọ̀ tí ó dára nínú agolo lè burú lára ògiri. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹnu kò, kí akunlé kọ iye ìwọ̀n tí ó fi pò ó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àjà, kí ó fi ọ̀dà díẹ̀ kun ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, kí ó sì kọ ọdún sí i.