Ẹ̀yà àti Irú: Dídá Ata Àìmọ̀ Mọ̀ fún Ìpamọ́ Irúgbìn ní Àkókó

Orúkọ tí ọjà ń pe ata kì í ṣe orúkọ tí àgbẹ̀ lè gbára lé láti pa irúgbìn mọ́. Ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà àti ní Òkè-Àgbè, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìrísí èso ni wọ́n fi ń pè é: èyí tí ó rí roboto tí ara rẹ̀ sì hun jọ ni rodo, èyí tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ṣọ̀mbọ̀, èyí tí ó tóbi tí kò sì ta púpọ̀ ni tàtàṣé, èyí tí ó kéré ni ata wẹ́wẹ́. Orúkọ wọ̀nyí tó fún ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ata kan bá hù ní ẹ̀yìnkùlé, tí kò gùn tó ṣọ̀mbọ̀, tí kò sì rí roboto bíi rodo, tí olóko sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó fẹ́ gbìn ín ní ọdún tí ń bọ̀, orúkọ ọjà kò lè sọ ohun tí ó jẹ́ fún un.

Ọ̀nà méjì ni irú ata bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà dé. Oró tí ń ta ènìyàn lẹ́nu kì í ta ẹyẹ. Nítorí náà ẹyẹ a máa jẹ ata ní oko kan, a sì ya irúgbìn rẹ̀ sí abẹ́ igi mìíràn tí ó bà lé. Ọ̀nà kejì ni ti kòkòrò bí oyin, tí ó gbé lẹ́búlẹ́bú akọ láti ara òdòdó ata kan lọ sí ara òmíràn.

Ẹbí tòmátì, ìkàn àti tábà ni ata jẹ́. Ẹ̀yà márùn-ún ni ènìyàn ń gbìn, gbogbo wọn ni ó sì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá lẹ́yìn ọdún 1492. Mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ Àkókó kàn: Capsicum annuum àti Capsicum frutescens, tí Linnaeus fún ní orúkọ ní 1753, àti Capsicum chinense, tí Jacquin fún ní tirẹ̀ ní 1776. Jacquin rò pé ilẹ̀ Ṣáínà ni ata yìí ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àṣìṣe náà sì wà nínú orúkọ títí di òní. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ní Nàìjíríà pàápàá, wọ́n ti pe rodo ní annuum, wọ́n ti pè é ní frutescens, wọ́n sì ti pè é ní chinense. Kò yẹ, nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni fi ìyá alátà ṣẹ̀sín.

Àmì tí ó ṣeé gbára lé jù wà lára òdòdó àti ní ibi tí òdòdó ti yọ. Kí olùwádìí wo oríkèé ẹ̀ka. Bí òdòdó kan ṣoṣo bá yọ níbẹ̀, tí ó funfun bí wàrà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ annuum. Ibẹ̀ ni tàtàṣé wà. Bí òdòdó bá jẹ́ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oríkèé kan, tí funfun wọn sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, ti chinense nìyẹn, ẹ̀yà rodo. Òdòdó frutescens náà ní àwọ̀ ewé nínú, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni ó sábà máa ń yọ lójú kan, ọ̀pá rẹ̀ a sì nà ró ṣánṣán. Ọ̀pọ̀ ata wẹ́wẹ́ ni èso wọn ń kọjú sí òkè báyìí. Àmì kan ṣì kù. Nígbà tí èso chinense bá gbó, ibi tí ọ̀pá èso ti pàdé ewé kékeré tí ó dé ìdí èso a fún wọnú, bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í. Àwọn méjì yòókù kì í sábà ní èyí.

Títa kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀dá àti oòrùn lè mú kí ata kan náà ta ju bí ó ti ń ta tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe inú irúgbìn ni oró náà ti ń wá, bí ọ̀pọ̀ ti rò, bí kò ṣe ara ọ̀já funfun tí irúgbìn rọ̀ mọ́.

Èdè Yorùbá ní ohun tí yóò fi sọ gbogbo èyí. Ewé kékeré tí ó dé ìdí èso lè jẹ́ ife òdòdó; ibi tí ó fún wọnú lè jẹ́ ìgbàjá, kí rodo sì di ata oní-ìgbàjá. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n má ṣe da ẹ̀yà pọ̀ mọ́ irú. Òdòdó ni ó ń fi ẹ̀yà hàn. Lábẹ́ ẹ̀yà kan, irú pọ̀: rodo pupa wà, rodo tí ó pọ́n di àwọ̀ ìyeyè wà. Èso ni ó ń fi irú hàn, nípa àwọ̀ rẹ̀ ní tútù àti ní pípọ́n, ìrísí rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. Irú yìí gan-an ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà irúgbìn.

Òun náà ni ó sì ń sọnù. Òdòdó ata lè gbọ̀n sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí irú mìíràn bá wà nítòsí, àdàlù lè wọ̀ ọ́. Èso ọdún náà kò ní yí padà, nítorí ara ìyá ni ẹran èso ti wá. Àwọn ọmọ tí irúgbìn náà bá hù ni yóò yàtọ̀. Kí àgbẹ̀ fi àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹ̀ka kan kí òdòdó rẹ̀ tó là, kí ó máa gbọn ẹ̀ka náà jẹ́jẹ́, kí ó sì tú àpò nígbà tí èso bá ti so, kí ó so òwú mọ́ èso wọ̀nyí kí ẹlẹ́bẹ̀ má bàa ká wọn. Igi kan ṣoṣo kò tó. Kí èso pọ́n dáadáa, kí wọ́n sá irúgbìn ní ibòòji, kí wọ́n sì dé e pinpin sínú ìgò gbígbẹ. Bí wọ́n bá gbin mẹ́wàá nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ kò jọ ara wọn, àdàlù ni ata àìmọ̀ náà. Yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún ìṣàyàn kí ó tó máa bí irú ara rẹ̀. Bákan náà ni irúgbìn inú páálí tí wọ́n kọ F1 sí.

Ní Òkè-Àgbè, iṣẹ́ mìíràn tún wà. Àfá, Ògè, Àjè àti Údò ni ó para pọ̀ di ìlú náà, ìsọ̀rọ̀ wọn sì bá ti Àrìgìdì tan ju Yorùbá àjùmọ̀lò lọ. Ẹni tí ó bá gba ata lọ́wọ́ àgbà kan níbẹ̀, kí ó kọ orúkọ tí àgbà náà pè é sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò, iye òdòdó ní oríkèé, àti bóyá ó ní ìgbàjá, kí ó tó kó irúgbìn náà ránṣẹ́ sí NACGRAB, ibùdó ìpamọ́ irúgbìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1987.