Àpáta Ló Bí Ilẹ̀, Ewé Ló Ń Tọ́ Ọ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹni tó bá ti dé Àbújá rí yóò ti rí Àpáta Aso tó dúró gbagidi lẹ́bàá ìlú. Irú òkúta líle bẹ́ẹ̀ ni ti òkè Ìdànrè, irú rẹ̀ ló sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ oko nílẹ̀ Yorùbá. Láti ara rẹ̀ ni ilẹ̀ tí ẹ ń kọ ní ebè ti wá.

Báwo ni òkúta ṣe ń di ilẹ̀? Lọ́sàn-án, oòrùn a mú un gbóná, a sì wú díẹ̀. Lóru, a tutù, a sì súnkì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ara rẹ̀ a sán. Omi òjò a gba ibẹ̀ wọlé, gbòǹgbò a tẹ̀ lé e. Apá kan a jẹrà di amọ̀. Apá tó le jù a di yanrìn. Kí ilẹ̀ tó nípọn tó ìbú ìka kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lè kọjá.

Ṣùgbọ́n amọ̀ àti yanrìn nìkan kò lè bọ́ iṣu. Ewé tó rẹ̀ àti koríko tó kú ni ekòló, ikán àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí ń sọ di ilẹ̀dú. Ilẹ̀dú ní í fa omi mu bí kàn-ìn-kàn-ìn, òun ní í sì di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mú kí òjò má baà ṣàn án lọ.

Àwọn àgbà kan a máa sọ fún wa pé oko tí a sun ní í mú èso wá. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: eérú lóúnjẹ nínú, àgbàdo ọdún kìíní a sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n iná ti gbé nitrogen, tí í mú ewé tutù yọ̀yọ̀, lọ sínú afẹ́fẹ́, àkọ́rọ̀ òjò a sì gbá eérú lọ. Láyé àtijọ́, a lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí igbó tún un ṣe. Lónìí, ọ̀pọ̀ wa kò ní ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí iná bá jẹ, kò sí àyè láti dá a padà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sun gbogbo ohun tí ẹ bá ṣán. Ẹ fi koríko àti pòròpórò àgbàdo bo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ adìyẹ jẹrà dáadáa kí ẹ tó kó o sóko. Ní 1976, àwọn onímọ̀ ní IITA, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í dán gbígbin àgbàdo sáàárín ìlà igi wò, tí wọ́n ń gé ẹ̀ka igi náà sílẹ̀ kó jẹrà. Agúnmániyè dára fún èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ gígé rẹ̀ pọ̀. Ajílẹ̀ inú àpò wúlò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò ní ilẹ̀dú kò lè dì í mú pẹ́.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi ńlá, kí ẹ sì gbẹ́ díẹ̀ nínú oko tí ẹ ń sun lọ́dọọdún. Ẹ wo àwọ̀ méjèèjì, kí ẹ sì ka ekòló inú wọn. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ fi ṣe ìpinnu kí ẹ tó ṣá iná ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.